Áńtẹ́nà Lórí Bákónì Mama

Ẹ̀rín ọmọ mi ló lé mi lọ sọ́jà lọ ra ráúta. Kì í ṣe iṣẹ́ báǹkì, kì í ṣe fíìmù, kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wù mí. Mo dúró nínú kíṣìnì mi nísàlẹ̀, mo ń fọ abọ́ kan ṣoṣo tí èmi nìkan fi jẹun, ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lókè, ẹ̀rín tó máa ń rín títí tí yóò fi máa wúkọ́. Ó ti pẹ́ tó ti rín irú rẹ̀ nínú ilé tèmi. Mo ti ẹ̀rọ omi kí n lè gbọ́ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìgbò ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ wéréwéré.

Owú ni mo ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ lè rò pé ìmọ̀ ló ń gùn mí.

Ní Odoakpu, nílẹ̀ Ìgbò, ni à ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé mìíràn fún mọ́ lọ́tùn-ún àti lósì, débi pé bí aládùúgbò bá ń din ata, èmi ni mo máa ń sín. Báǹkì ló gbé mi wá síbẹ̀ láti Ìbàdàn nígbà tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bàbá rẹ̀ dúró sídìí iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó máa ń wá bí àyè bá gbà á, yóò sọ̀ ní ibùdókọ̀ Upper Iweka pẹ̀lú àárẹ̀ àti búrẹ́dì tó ti fún pọ̀ nínú báàgì, kí a sì tó mọ̀, ó ti ń múra àtilọ. Nítorí náà, èmi àti ọmọ la jọ ń gbé. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé nìyẹn. Kì í ṣe òótọ́ tán.

Lókè wa ni ìyá kan ń gbé, opó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n sì ra Wáì-fáì sílé fún un kí wọ́n lè máa rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Báǹkì kì í jẹ́ kí n tètè dé. Bí ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, tó bá ilẹ̀kùn wa ní títì, ìyá yìí a nawọ́ sí i láti òkè pé kó máa bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, nítorí pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn tíṣà ìsinsìnyí ń kó o sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Ìgbò tó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun ló fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Èmi tí mo bí i a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, n kò ní mọ àlá tó ń lá.

Mama ló ń pe obìnrin náà. Èmi ló ń pè ní Mummy. Ẹni tó bá gbé àdúgbò wa yóò mọ̀ pé Mama ju Mummy lọ. Mummy ni ẹni tó ń san owó ilé ìwé, tó ń wọ bàtà gíga jáde láàárọ̀. Mama ni ẹni tí ọmọ ń sá tọ̀ bí ààrá bá sán. Mo mọ òwe tí àwọn àgbà ń pa, pé ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú igba yẹn, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, ta ló wà níwájú?

Ohun tó wá bù ú lé mi lórí ni ọ̀rọ̀ ojú.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ojú ni ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí àlejò bá wà. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ nílé onílé, o kò gbọdọ̀ nawọ́ sí i àfi tí o bá kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ. Bí ìyá mi bá rọra rẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, a jẹ́ pé kí n gbà á nìyẹn. Bó bá la ojú sílẹ̀ tí kò ṣẹ́ ẹ, èmi náà á ní, "Mo ti yó, mà," ìbáà jẹ́ pé ebi ń han mí léèmọ̀. Kò ní fọhùn, kò sì sí ohun tí kò ní sọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí kò bá mojú, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń bú, wọ́n á ní kò kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Mama sọ̀ kalẹ̀ wá sílé mi pẹ̀lú ukwa nínú kúlà, èso igi kan tí wọ́n máa ń sè bí ẹ̀wà, tí ọmọ mi fẹ́ràn ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ẹ̀fọ́ tán ni, tòun ti pọ̀nmọ́, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo la ojú sí ọmọ mi. Ó ṣí kúlà. Mo tún là á sí i. Ó dúpẹ́ lédè Ìgbò, "Mama, daalụ!" ó lọ fọ ọwọ́. Mo la ojú títí omi fi ń bọ́ níbẹ̀, ọmọ náà wá dúró, ó wò mí, ó ní, "Mummy, something enter your eye?"

Mo ní rárá o. Mama ní kí n fi omi tútù bọ́ ọ.

Bóyá ìyẹn ì bá sì mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ra bàtà kan fún un, bàtà aláwọ̀ funfun tí ọmọ náà ti ń bẹ̀ mí fún tipẹ́, mo sì rò pé ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n gbé e jáde, kí ukwa lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Mo nà án sí i. Ojú rẹ̀ tàn. Ó na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó wá dá ọwọ́ dúró, ó yí orí, ó wo ojú Mama. Obìnrin náà rọra mi orí, báyìí, díẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ mi tó kúnlẹ̀ gba bàtà lọ́wọ́ mi.

Ó mojú. Ọmọ tí mò ń sọ pé kò mojú, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú ẹlòmíràn ló mọ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti kíṣìnì. Mo ti bi í tẹ́lẹ̀ ìdí tí kì í fi í jókòó sílé bí mo bá tilẹ̀ tètè dé, ó sì ti dá mi lóhùn pé, "Mummy, network no dey for our side. If network dey, I go stay now." Òótọ́ ni. Inú ilé wa nísàlẹ̀ dàbí inú kànga, ìpè kì í wọlé àfi tí n bá gbé fóònù sójú fèrèsé. Mama ti ní kí n gba pásíwọ́ọ̀dù òun, ṣùgbọ́n Wáì-fáì rẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀, àní bó tilẹ̀ dé, ta ni yóò gbà á? Mo dì í mọ́ra pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fa ọmọ mi lọ sókè. Bí mo bá ní tèmi, tó lágbára ju ti òkè lọ, ọmọ mi yóò jókòó tì mí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí ọmọ mi jókòó tì mí.

Ní Sátidé, ọkùnrin tó ta ráúta fún mi lọ́jà ní ti àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ kì í ṣe àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Ó gbé ohun kan jáde tó funfun, tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ó ní áńtẹ́nà ni, ráúta ni, méjèèjì wà nínú ara wọn. Ìta ni wọ́n ń gbé e kọ́. Inú ikùn rẹ̀ ni síìmù ń wọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni yóò so ó mọ́ inú ilé: iná yóò gba inú wáyà náà lọ bá a, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò gba inú rẹ̀ kan náà wọlé sínú àpótí Wáì-fáì tí yóò pín in kárí ilé. "But Madam, e must face mast o," ó wí. "If e no face mast, na plate you buy so."

Mo gbé páálí náà wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun wọlé. Mama wà lórí bákónì rẹ̀, ó wò mí, n kò sì dúró ṣàlàyé. Mo kí i, mo kọjá.

Mo kọ̀ láti pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é. Láti ojú fèrèsé kíṣìnì mi, láàárín òrùlé méjì, mo rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó ga fíofío, ó sì sún mọ́ wa. Inú mi dùn. Mo ti síìmù bọ inú rẹ̀, mo fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin ojú fèrèsé, mo kọjú rẹ̀ sí òpó náà gangan, mo tan iná. Iná pupa. Mo ní bóyá ó ń sinmi ni. Mo dáná, mo padà wá wò ó, iná pupa. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo ti fèrèsé sẹ́yìn, mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá.

Àsìkò yẹn ni ọkọ mi pè. Mo sáré lọ bá fóònù lójú fèrèsé pálọ̀, mo sì ròyìn fún un. Ó gbọ́ mi tán.

"Òpó tó o kọjú rẹ̀ sí yẹn," ó wí, "ṣé ti iléeṣẹ́ tó ni síìmù rẹ ni?"

N kò rò ó rí. Lójú tèmi, òpó ni òpó.

"Ìyá ọmọ," ó tún wí, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, "ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò ń wá ni, àbí ọmọ?"

Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn, mo gé ìpè náà. Èèyàn tó wà ní Ìbàdàn kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ inú mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá di pé kí n wá ibi tí òpó tèmi wà. Mo yọ síìmù kúrò nínú áńtẹ́nà, mo tì í bọ fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àgbàlá pẹ̀lú fóònù lókè, mò ń wo àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn. Nídìí táńkì omi, ìlà kan. Lẹ́nu géètì, kò sí nǹkankan. Télọ̀ tó wà níwájú ilé yọ orí síta, ó ní, "Madam, you dey snap sky?" Ìyàwó rẹ̀ ní rárá, físà ni mò ń wá. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìlà kan di méjì. Mo gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ó tún pọ̀ sí i. Mo rò pé ó ń tàn mí jẹ ni, mo sọ̀ kalẹ̀, òun náà sọ̀ kalẹ̀. Mo tún gùn ún, bí mo sì ṣe ń gòkè náà ni òun ń gòkè, títí mo fi dé orí bákónì Mama, tí gbogbo rẹ̀ kún fọ́fọ́.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lókè. Nínú gbogbo ilé yẹn, ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí nìkan ni ohun tí mo rà láti fi gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀ ti lè ṣiṣẹ́. Mo yí padà jẹ́jẹ́ kí ó tó rí mi.

Nísàlẹ̀, mo jókòó ti páálí. Mo rò ó pé kí n dá a padà sọ́jà. Mo rò ó pé kí n wá ọ̀pá irin gígùn, kó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ga kọjá bákónì rẹ̀ láìbẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn mo dìde, mo bọ́ aṣọ ilé, mo ró ìró, mo wé gèlè, mo kó tíì àti mílíìkì sínú láílọ́ọ̀nù. A kì í wọ aṣọ ilé lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í mú ọwọ́ òfo lọ. Ẹni tó tọ́ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mama nìkan ló wà nílé. Ó ti rán ọmọ mi lọ ra ata. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò mọ́ ọn lára kí n máa kúnlẹ̀ fún òun, ó fẹ́ gbé mi dìde, mo kọ̀. Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo bá wá, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mí, n kò lè já lu ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni já lu ọjà. Mo bi í nípa orúnkún rẹ̀. Mo bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun àti òtútù ibẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

"Mama, thank you for everything. Since we come this house, na you be our mama. Wetin you do for my pikin, only God fit pay you. We no go ever forget you, ma. Anywhere we dey for this life, we no go forget."

Mo rí i tó wo gèlè mi. Ó wo láílọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo orúnkún mi nílẹ̀. Ó wá ọwọ́ àga kan, ó jókòó.

"When?" ó wí.

"When wetin, ma?"

"When una dey go." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bank don transfer you. I see the carton wey you carry enter. I tell myself say, this woman don begin pack. You wan carry my Nne go Ibadan."

Nne ló máa ń pe ọmọ mi. Ìyá ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn, bí wọ́n sì ṣe ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn.

Ó yẹ kí n dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N kò dá a lóhùn. Inú mi dùn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo ìyá àgbàlagbà tó ń fi etí ìró nu ojú, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn, nítorí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ èmi ni mo ní ohun tí ẹnìkan ń bẹ̀rù kí n má gbé lọ. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó dùn bí oyin.

Ó wá sọ ohun kan tó já a dànù lẹ́nu mi.

"Every night she dey go down," ó wí. "I go cook, she go eat. I go plait her hair, we go laugh, we go read book. Then she go carry her bag go down go sleep for your side. Every night. I no fit tell am make she stay. I no born am. I go just sit here dey hear your door."

N kò rò ó rí láyé mi pé ẹnìkan lè jowú oorun ọmọ mi. Èmi tí mo gbà pé oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin yìí náà ń jókòó sókè, ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn mi.

"Mama," mo wí, "no be transfer. Na network."

Ó gbé ojú sókè. "Network?"

"The thing inside carton na antenna. E no gree work for down. Na only your balcony e fit see mast."

Ó wò mí títí. "Na because of network you tie gele?"

Ẹ̀rín gbé e, omi ojú sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi náà kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rín. A rín in títí tí mo fi ní láti di gèlè náà mú. Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí n gbé e wá, kí n gbé e kọ́ síbi tó bá wù mí. Ó nu ojú rẹ̀ tán. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kò wò mí: "So she no go dey come again."

Ó ti mọ ohun tí mo rà á fún. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé áńtẹ́nà, mo sì dá síìmù padà sínú rẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ gbé e kọ́. Mama di ọ̀pá irin áńtẹ́nà náà mú mọ́ irin bákónì rẹ̀, èmi ń fún nọ́ọ̀tì. Ó ní kí n yí i sí apá odò díẹ̀, nítorí apá ibẹ̀ ni àwọn tó wá gbé tòun kọ́ kọjú rẹ̀ sí nígbà yẹn. Mo yí i. Mo ju wáyà sísàlẹ̀ sójú fèrèsé mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kì í bọnú iná, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè: "Green! E don green!" Ọmọ mi ti ọjà dé lákòókò náà, ó dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù ata, ó ń wo Mama rẹ̀ lókè, ó ń wo Mummy rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú wáyà láàárín wa. Iná mi ló ń gba inú rẹ̀ gòkè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń bá a bọ̀ wálẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Fóònù mi rí Wáì-fáì, ṣùgbọ́n nǹkankan kò ṣí. Mo ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí dé ìdí. Àpótí Wáì-fáì tí mo lò nínú ilé ti pẹ́ lọ́wọ́ mi láti Ìbàdàn, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa fún gbogbo fóònù inú ilé ní nọ́ńbà tí wọn yóò máa jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èyí tó wà lókè náà ń fún wọn ní nọ́ńbà. Àwọn fóònù kò wá mọ èyí tí wọn yóò gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ìwé náà ní kí n pa ti ìsàlẹ̀ lẹ́nu mọ́, kó kàn máa pín ohun tó bá ti òkè wá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pòṣé. Mo wọ inú rẹ̀ láti ojú fóònù mi, mo pa á lẹ́nu mọ́ bí wọ́n ṣe wí, gbogbo nǹkan sì ṣí gbayawu.

Mo sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ní "Ilé Wa". Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, mo pè é fún ọmọ mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀: "ọmọ mi ni". Ó yí ojú sí mi. "Mummy, for real?"

"Tẹ̀ ẹ́ wọlé," mo wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi jókòó sí pálọ̀ mi. Ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, èmi ń din ẹyin pẹ̀lú àlùbọ́sà, mo sì ń yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò rí ọmọ rí. Òkè dákẹ́. Mo gbọ́ tí Mama wọ́ àga kan kúrò níbì kan síbòmíràn. Mo gbọ́ tó ṣí ìkòkò, tó dé e. Mo gbé oúnjẹ síwájú ọmọ mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn. Mo sọ fún ara mi pé mo ti ṣe é.

Mo ń kó abọ́ nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín yẹn tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń wúkọ́. Nínú pálọ̀ mi ni. Mo sáré jáde. Ó gbé fóònù síwájú, ojú Mama kún inú rẹ̀, ó mọ́ kedere, kò dá dúró, kò gé. Iṣẹ́ ńlá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi kọ́kọ́ ṣe nílé mi nìyẹn. Ó gba òkè lọ gbé obìnrin náà wá jókòó sáàárín wa.

Owú náà gbé mi débi tí ọwọ́ mi fi dé ara ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá fà á yọ, mo lè ní NẸPA ló mú iná lọ.

"Nne," Mama ń wí nínú fóònù, "I don cook onugbu soup plenty, I forget say na only me. Come carry small for your mummy. She don suffer today."

Ọmọ mi la ẹnu láti dáhùn. Ó wá pa á dé. Ó gbé ojú kúrò lára fóònù, ó yí orí, ó wo ojú mi.

Ojú mi ló wò. Ó kàn ń dúró. Nínú fóònù, Mama náà ń dúró, mo sì mọ̀ pé ó mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe, nítorí ó ti rí i kó máa wo ojú tirẹ̀ báyìí lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń la ojú sílẹ̀ láìṣẹ́ ẹ. Mo jogún rẹ̀. Ọmọ mi yóò ní, "Mama, I don belleful," yóò sì jókòó tì mí, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àfi àwa mẹ́ta.

Mo rọra rẹ ìpéǹpéjú mi sílẹ̀.

Ó fò dìde, ó mú abọ́ kan nínú èyí tí mo kó dání, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò tilẹ̀ pa fóònù. Ó fi í sílẹ̀ lórí àga, tòun ti Mama nínú rẹ̀. Mo jókòó síbi tí ọmọ mi dìde, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Èmi àti obìnrin náà ń wo ara wa lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi, a sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn. Létí tèmi, ó ń lọ. Létí Mama, ó ń bọ̀.